Ohun tí ó ń mú Akẹ́kọ̀ọ́ Dúró: Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ayé Àtìbà

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí wọn. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà jẹ́ 456,600. Nígbà tí ọdún 1955 fi máa parí, wọ́n ti di 811,432. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ìjòyè, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ni ilẹ̀kùn yìí ṣí fún. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí owó ìjọba nìkan kò lè dáhùn. Ọmọ ti wọlé. Kí ni yóò mú un dúró?

Ìdúró tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ara nìkan. Ọmọ lè jókòó sórí àga ní kíláàsì fún ọdún mẹ́fà kí ọkàn rẹ̀ má sì sí níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìdáhùn tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé orí ọmọ náà kò gba ìwé, tàbí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé olódo ni. Ẹjọ́ náà kì í pẹ́ ní dídá, nítorí ẹni tí a ń dá a fún kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ìtàn ẹ̀kọ́ ní ìlú méjèèjì yìí kò ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn. Ó fi hàn pé ìtara kì í ṣe ẹrù tí ọmọ ń gbé ti ilé wá, tí ẹlòmíràn ní, tí ẹlòmíràn kò sì ní. Ọ̀nà tí àgbà gbà to iṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ ni ó ń bí i, ọ̀nà náà kan náà ni ó sì lè pa á.

Ilé Àyàn

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ titun dó sí Àgọ́-Ọjà ní àárín ọdún 1830 sí 1840, iṣẹ́ ọwọ́ ìlú àtijọ́ bá àwọn ènìyàn wá. Ògbómọ̀ṣọ́, tí ogun kò kó, gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń sá àsálà. Nínú ìrúkèrúdò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń sá lọ kò lè ru ilé, kò sì lè ru oko; ohun tí ó wà ní ọwọ́ àti ní orí rẹ̀ nìkan ni ó lè gbé. Kò sí ìwé tí a kọ ọ̀nà ìlù lílù, aṣọ híhun tàbí igbá fínfín sí. Inú ọmọ ni a ń kọ wọ́n sí. Bí àwọn ọmọ ìran kan ṣoṣo bá kọ̀ láti kọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ náà ti parun nìyẹn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ bí a ó ti ṣe mú kí ẹ̀kọ́ wu ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwọn baba wa. Ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú iṣẹ́ ilé wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé Àyàn, èyí ni ìdílé onílù. Nínú ẹgbẹ́ ìlù dùndún, oríṣìíríṣìí ìlù ni ó wà: ìyáàlù tí ó ń sọ̀rọ̀, tí ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, kẹríkẹrì, ìṣaájú àti kànnàngó, àti gudugudu kékeré tí a fi ìda sí ojú awọ rẹ̀. Ìyáàlù ni olórí. Òun ni ó ń ki ọba, tí ó ń pe orúkọ baba ńlá ẹni, tí ó ń pa òwe, tí ó sì ń darí oníjó. Ẹni tí yóò lu ìyáàlù gbọ́dọ̀ ní oríkì ilé púpọ̀ ní orí, kí ó sì mọ ẹni tí ó ń bọ̀ kí olúwarẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ ní ibẹ̀. Iṣẹ́ tí a ń kọ́kọ́ fún un kò ju pé kí ó ru ìlù bàbá rẹ̀ lọ sí òde, kí ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìlù kékeré lé e lọ́wọ́, irú èyí tí ohùn rẹ̀ kò pọ̀, tí ó ń tún ara rẹ̀ wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn náà rọrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣeré. Bí ọmọ náà bá ṣìnà, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò mì. Bí ó bá dúró ṣinṣin, lórí ohùn tirẹ̀ ni ìyáàlù yóò gun lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ń lu omele níbi ìgbéyàwó mọ̀ dájú pé òde náà kò lè pé láìsí òun. Ohun tí òwe wí ni a ṣe fún un: ọmọdé tí ó mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ètò yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ojú sí. Èkíní, iṣẹ́ tí a fún ọmọ kéré tó agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Èkejì, ó ń rí òpin iṣẹ́ náà lójoojúmọ́: bàbá rẹ̀ ń lu ìyáàlù níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà ní ìpele tí ó kàn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún un pé ó gbà á tàbí pé ó ṣì í. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni yóò sọ fún un, lójú ẹsẹ̀ kan náà.

Ilé òfì àti ilé afíngbá

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé àwọn ahunṣọ. Kí òwú tó di aṣọ, iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀: a ó ya èso kúrò lára òwú, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó ran án, a ó pa á láró tàbí kí a fi í sílẹ̀ ní funfun, a ó ká a, a ó ta á, kí a tó gbé e sórí òfì. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè ṣe kò ṣọ̀wọ́n. Ọmọ tí ń ká òwú kò tíì mọ aṣọ hun, ṣùgbọ́n òwú tí ó ká ni bàbá rẹ̀ yóò fi hun aṣọ lọ́la, yóò sì rí i lára oníyàwó ní ọjọ́ ọjà. Kí a tó fi òfì bàbá rẹ̀ lé e lọ́wọ́, yóò ti fi igi àti okùn ṣe òfì kékeré tirẹ̀, yóò sì ti hun ohun tí ojú lè rí.

Ní Ọ̀yọ́, tí òkìkí igbá fínfín rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ mọ igbá fúnra rẹ̀: bí a ti ń là á, bí a ti ń ha inú rẹ̀, bí ó ti ń gbẹ. Ọ̀bẹ kò ní kan igbá olówó kí ó tó kan àfọ́kù. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ọgbọ́n. Níbi tí àṣìṣe kò ti ná ẹnikẹ́ni ní ohun púpọ̀ ni a ti ń fi ọmọ sílẹ̀ kí ó ṣe àṣìṣe tí ó tó.

Ní òpin gbogbo rẹ̀ ni òmìnira wà. Títí di òní, ní ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìlú méjèèjì, a máa ń pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ ní ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba òmìnira. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò sì fi irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Ọmọ tí ó wà ní ọdún kìíní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń gbé omi fún àwọn àlejò ní ọjọ́ náà, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí òun ń lọ.

Ilé kéú

Ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ìwé àwọn òyìnbó tó dé, ó sì ti pẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá wò ó láti òkèèrè, a lè rò pé ilé kéú ni ibi tí ẹ̀kọ́ ti le jù fún ọmọdé, nítorí pé èdè tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀ ni ó ń há sórí láti orí wàláà, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí ó tó mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà. Báwo ni ó ti ṣe ń di ọmọ mú?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ti gé ọ̀nà jíjìn náà sí wẹ́wẹ́. Láti inú àwọn súrà kéékèèké tí ó wà ní ìparí Àlùkùránì ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan náà tí yóò máa lò nínú ìrun rẹ̀ ní ojoojúmọ́. Nítorí náà ohun tí ó kọ́ ní àárọ̀ wúlò fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá dé àwọn ibi kan tí a mọ̀ nínú ìwé náà, òbí rẹ̀ yóò gbé oúnjẹ wá fún alùfáà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdùnnú ẹnì kan di ti gbogbo wọn, ẹni tí ó kù lẹ́yìn sì mọ̀ pé tòun náà ń bọ̀. Nígbà tí ó bá parí, a ó ṣe wọ̀límọ̀ fún un, a ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ titun, yóò sì ka ìwé náà sí etí gbogbo ẹbí àti aládùúgbò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìwé dé

Ní ọdún 1855, T. J. Bowen, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tó kọ́ ẹlòmíràn ní ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti wà ní Ìjàyè ṣáájú, ó sì ti ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ó ń bá gbé. Kò sí ẹni tí ó na án ní pàṣán kí ó tó kọ́ èdè náà. Ó kọ́ ọ nítorí pé láìsí i kò lè rajà, kò lè kí ènìyàn, kò sì lè wàásù. Ní ọdún 1858, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde ní Washington. Ìtàn Bowen fi hàn pé òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlagbà bí ti inú ọmọdé: ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í súni kọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tẹ̀ lé e. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1853, tí ó sì ṣí lọ sí Èkó lẹ́yìn náà, dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, ó sì di St. Andrew's College. Ní ọdún 1898, C. E. Smith bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti inú àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ohun ńlá tí ilé-ìwé mú wá tí ilé Àyàn kò ní ni pé kò béèrè ìdílé tí ọmọ ti wá. Ọmọ ahunṣọ lè di olùkọ́, ọmọ àgbẹ̀ lè di oníṣègùn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń ka àlébù rẹ̀.

Àlébù náà kò ti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan wá. Ní ọdún 1862, ní Ìlú Ọba, ìjọba gbé òfin kan jáde pé iye ọmọ tí ó bá yege nínú ìdánwò ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni a ó fi máa pinnu owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, fi ẹ̀hónú hàn sí i; ó ní ó ń sọ ìkọ́ni di iṣẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀mí. Síbẹ̀ òfin ẹ̀kọ́ tí a ṣe fún Kóloní Èkó ní ọdún 1887 gba irú ọgbọ́n kan náà wọlé, bí agbára ìjọba sì ti ń gbòòrò, àpẹẹrẹ rẹ̀ bá a lọ. Láti ìgbà náà ni ojú olùkọ́ ti kúrò lára ọmọ, tí ó lọ sára alábẹ̀wò. Ohun tí a óò bi ọmọ ní ọjọ́ ìdánwò ni a fi ń kọ́ ọ ní gbogbo ọdún, bí kò bá sì tètè há a sórí, pàṣán wà nílẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ilé Àyàn. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọmọ wúlò láti ọjọ́ kìíní. Níhìn-ín, a ní kí ó ní sùúrù títí di ọjọ́ tí yóò di akọ̀wé. Níbẹ̀, ó ń rí ẹni tí ó ń fẹ́ dà. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí akọ̀wé kankan ní agbo ilé wọn. Níbẹ̀, oníjó ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀; níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni alábẹ̀wò ń wá. Ohun tí a ń kọ́ ọ náà jìnnà sí i. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì gba púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn arókin, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ni ó tó di títẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ó kédùn pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Ìlú Ọba, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn.

Ìjọba pàápàá rí àṣìṣe náà. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1916 yí ọ̀nà owó ìrànwọ́ padà. Nínú ọgọ́rùn-ún, 40 ni a fi sílẹ̀ fún ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ. 30 jẹ́ ti ìwà àti ìṣètò ilé-ìwé, 20 ti àwọn olùkọ́, 10 sì jẹ́ ti ilé àti ohun èlò. Ní ọdún 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà, tí James Aggrey ọmọ ilẹ̀ Gánà wà nínú rẹ̀, sọ gbangba pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ní Áfíríkà jìnnà jù sí ìgbé ayé àwọn ọmọ tí a ń kọ́. Ṣùgbọ́n àṣà tí ó ti wọ̀ ni lára kì í bọ́ ní ọjọ́ kan.

Ọdún 1896 ní ìlú méjì

Ó jẹ́ ohun ìyanu pé ní ọdún 1896 kan náà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dé Ọ̀yọ́, John Dewey ṣí ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà láti dán ọ̀nà ìkọ́ni titun wò. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fún àwọn ọmọ ṣe ni òwú àti irun àgùntàn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya èso kúrò lára òwú, wọ́n ran án, wọ́n sì hun ún. Àwọn ènìyàn ka èyí sí ohun titun pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún náà kan náà, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé baba wọn, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Dewey fi kún un. Nígbà tí àwọn ọmọ náà rí i bí ó ti ṣòro tó láti ya èso kúrò lára òwú, wọ́n mọ ìdí tí aṣọ òwú fi pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wọn ju aṣọ irun àgùntàn lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bọ́ sínú ìtàn, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Ilé òfì ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ṣe é. Kò fi bẹ́ẹ̀ fún un láyè láti béèrè ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Níbi yìí ni iṣẹ́ ilé-ìwé wà. Kò ní láti ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Ó ní láti ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́

Ẹnì kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ó rí ọ̀nà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí ìwé rẹ̀ ti bo òkìkí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's College láti ọdún 1926 sí 1929. Láti ọdún 1930 títí di ọdún 1939, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹni tí ó ti dúró níwájú ọmọdé fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tí ń mú ojú wọn là, ó sì mọ ohun tí ń mú wọn tòògbé. Ní àárín ọdún wọ̀nyí, ní ọdún 1936, ó kọ ìtàn kan fún ìdíje tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀. Ìtàn náà ni ó jáde ní ọdún 1938 ní orúkọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀.

Ẹ wo bí a ti to ìwé náà. Ọdẹ arúgbó kan wá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún akọ̀wé. Kò sọ ọ́ tán ní ọjọ́ kan. Ó dá a dúró níbi tí ó dùn, ó lọ, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó sì fi máa padà dé, àwọn olùgbọ́ ti pọ̀ sí i. Ìwé náà tìkára rẹ̀ ń kọ́ olùkọ́ bí a ti ń pín ẹ̀kọ́: má ṣe fún ọmọ ní àjẹyó, jẹ́ kí ebi ọ̀rọ̀ lọ́la máa pa á sùn. Èyí kì í ṣe ohun tí Fágúnwà rí he nínú ìwé òyìnbó nìkan. Bí a ti ń pa àlọ́ ní abẹ́ òṣùpá nìyẹn, níbi tí olùgbọ́ ti ń gbè é, tí ó ń dáhùn, tí kò sì jókòó bí ẹrù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti L. J. Lewis jọ ṣe ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, nínú èyí tí ọmọ Yorùbá ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé.

Àlébù àwọn baba wa

Kì í ṣe pé kí a wá sọ ilé iṣẹ́ àtijọ́ di ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a nà nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń fa òmìnira rẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń mówó wọlé fún wọn. Ẹni tí a kò bí ní ilé Àyàn kò rọrùn fún láti di onílù, àṣírí iṣẹ́ kò sì sí fún àlejò. Ọmọ obìnrin kò ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfì tirẹ̀ wà ní òòró ní ìdí ògiri ilé.

Ìdí nìyí tí ìjà kò fi sí láàárín ilé iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Ọ̀kan mọ bí a ti ń mú ọmọ dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Èkejì ní ilẹ̀kùn gbàgàdà, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń mú ọmọ dúró. Ọdún 1955 mú kí ilẹ̀kùn èkejì yìí gbòòrò ju ti ìgbàkígbà rí lọ, láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí a ti kọ́ kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi kún wọn kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní ọmọ púpọ̀ níwájú. Olùkọ́ tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ohun tí a ṣe sí òun náà: yóò kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, yóò ní kí wọ́n kà á tẹ̀ lé òun, yóò sì mú pàṣán.

Ìdánwò kan tí ó kẹ́sẹ járí wáyé ní ìtòsí. Ní oṣù Kínní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí èdè nìkan nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò yí èdè nìkan padà: wọ́n kọ ìwé titun, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́. Èdè ilé ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ètò iṣẹ́ ni ó mú ọmọ jókòó. Láti ìgbà náà, ìlànà ìjọba lórí èdè ìkọ́ni ti ń lọ síwá sẹ́yìn. Èyí tí a gbà ní ọdún 2022, tí ó fi èdè ilé fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba tún kéde ìparẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2025. Nítorí náà ohun tí olùkọ́ bá ṣe nínú kíláàsì rẹ̀ kò lè dúró de ìlànà.

Ìparí

Orí ilẹ̀ St. Andrew's College ni Yunifásítì Ajayi Crowther, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, wà lónìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí Smith bẹ̀rẹ̀ ṣì dúró, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè sì ti wà láti ọdún 1990. Ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n ní ìlú méjèèjì mọ́. Ilé Àyàn náà kò tíì tú.

Ohun tí ìtàn yìí bi olùkọ́ kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe. Iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí ṣe lónìí tí ó wúlò fún ẹnì kan kí ilẹ̀ tó ṣú? Ta ni ó ń wò níwájú rẹ̀ tí ó ti dé ibi tí òun náà ń lọ? Báwo ni yóò ti ṣe mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbà á tàbí ó ṣì í, láìjẹ́ pé a nà án? Níbo ni a ti fi àfọ́kù igbá sílẹ̀ fún un kí ó fi kọ́ ọwọ́? Àti pé, nígbà tí ó bá dé ìpele kan, àwọn wo ni a pè kí wọ́n wá bá a yọ̀?

Bí ìdáhùn bá wà fún ìbéèrè wọ̀nyí, a ó rí i pé àwọn tí à ń pè ní olódo kò pọ̀ tó bí a ti rò. Bí kò bá sì sí, kí a má ṣe di ẹ̀bi náà ru ọmọ. Ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní kíláàsì ní àárọ̀, tí ó sì lè lu omele láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru láì ṣi ọwọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti fi hàn wá irú ènìyàn tí òun jẹ́. Ètò tí a ṣe fún un ní ibi méjèèjì ni kò dọ́gba.